Owó Tí Ikú Bá Mú Wá, Ta Ló Ni Ín?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ikú ò dọ́jọ́, àrùn ò dóṣù. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. À ń pa á níbi òkú, à ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà sì máa ń kọ ọ́ sínú àròkọ. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò ná. Ẹ délé ní ìparí ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ bi bàbá yín pé, "Bàbá, tí ẹ ò bá sí mọ́, ta ló ni kí ni?" Ẹ ó rí i bí ilé ṣe máa dà. Ìyá yín á káwọ́ lérí. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín á ní ṣé o fẹ́ pa á ni? Ní Ìbòkun tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kó lọ fi omi tútù fọ ẹnu.

Síbẹ̀, ohun kan wà tó ń bi àwọn bàbá wa ní ìbéèrè yìí láìbẹ̀rù, wọn kì í sì í bínú sí i. Fọ́ọ̀mù ni. Fọ́ọ̀mù ibi iṣẹ́, fọ́ọ̀mù báńkì, fọ́ọ̀mù pẹ́ńṣọ̀n, fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gbogbo wọn ló ní ibì kan tí wọ́n ti ń béèrè pé: tí ìwọ bá kú, ta ni ká kó o fún? Bàbá á mú bírò, á kọ orúkọ síbẹ̀, ó parí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ rò nìyí: ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ yẹn, ṣé òun ló ni owó náà lóòótọ́? Mi ò béèrè nípa òfin nìkan o. Òfin ní ìdáhùn tirẹ̀, màá sì sọ ọ́. Ohun tí mò ń béèrè ni pé ṣé ó tọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, kì í ṣe pé mo kàn ń wá ohun tí màá kọ. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Òṣogbo. Ìyàwó méjì ló ní, ọmọ márùn-ún. Èmi ni àkọ́bí, obìnrin sì ni mí. Ìyá mi bí èmi àti àbúrò mi obìnrin. Ìyá Kékeré bí mẹ́ta: ọkùnrin ni àgbà wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà sì ni àbíkẹ́yìn. Nígbà tí Bàbá wọṣẹ́ ní 2006, èmi nìkan ni ọmọ tó wà nílẹ̀. Orúkọ mi ló kọ síbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí yóò gba owó adójútòfò ẹ̀mí rẹ̀. Orúkọ mi nìkan, ó sì kọ ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún síwájú rẹ̀. Kò tíì yí i padà. Lọ́dún tó kọjá ló fi ẹ̀dà ìwé náà hàn mí, kí n lè mọ ibi tó tọ́jú u sí. Mo ní, "Bàbá, àwọn tó kù ńkọ́?" Ó ní, "Ìwọ ni àkọ́bí. O mọ ohun tí wàá ṣe."

Bàbá mi wà láyé, ara rẹ̀ le, Ọlọ́run ò sì ní jẹ́ ká rí ọjọ́ yẹn nítòsí. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ni ohun tí mo mọ̀ pé màá ṣe?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú owó tí à ń sọ. Adójútòfò ẹ̀mí, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní inṣọ́ránsì, kò jìnnà sí ohun tí àwọn bàbá ńlá wa mọ̀. Nínú èsúsú, gbogbo ẹgbẹ́ á dáwó, ẹnì kan á kó o. Nínú àáró, gbogbo ẹgbẹ́ á ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíì lọ́la. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú èsúsú, o mọ ìgbà tí yóò kàn ọ́. Nínú inṣọ́ránsì ẹ̀mí, kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbàdúrà kó tètè kan òun. Ọ̀pọ̀ èèyàn á máa san owó kékeré, òun ni wọ́n á fi sanwó ńlá fún ilé àwọn díẹ̀ tó bá kú láàárín ọdún.

Fún òṣìṣẹ́ bíi bàbá mi, agbanisíṣẹ́ ló ń san owó yẹn. Òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2004 ló sọ ọ́ di dandan, èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2014 sì tún un sọ: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ra inṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, iye tí wọ́n máa san kò sì gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń gba ₦100,000 lóṣù ń gba ₦1,200,000 lọ́dún. Tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán, ₦3,600,000 ló yẹ kó wọlé. Owó tó ti kó jọ sínú àpò pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹni tí kò sí lábẹ́ agbanisíṣẹ́ náà lè lọ ra tirẹ̀, kó máa san án lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún.

Ohun tó mú owó yìí yàtọ̀ sí ilé àti oko ni pé kì í gba ọwọ́ ẹbí kọjá. Tí ènìyàn bá kú láìkọ ìwé ìhágún, tó fi ilé, ilẹ̀ tàbí owó báńkì sílẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ ní láti lọ gba ìwé àṣẹ ní ilé ẹjọ́ gíga kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan nǹkan. Ó ń gba àsìkò, ó ń gba owó, ó sì ń gba kí ẹbí fohùn ṣọ̀kan, èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Owó inṣọ́ránsì kì í sábà gba ọ̀nà yẹn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù ni ilé iṣẹ́ náà ń wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n nípa ètò ogún fi ń kì í mọ́ ètò wọn: owó tí ilé á fi jẹun, tí ọmọ á fi lọ sílé ìwé, kí ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ tó yanjú.

Àwa ọmọ Ìbòkun, ọ̀rọ̀ ogún ò ṣàjèjì sí wa. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa láti kékeré ni pé nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, Ifá ní omi òkun ni wọ́n máa fi ṣe oògùn rẹ̀. Ajíbógun ló gbà láti lọ. Ó bu omi òkun wá, ibẹ̀ ni orúkọ Obòkun ti wá. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ lọ́nà. Nígbà tó fi máa dé, àwọn ọmọ yòókù ti pín ogún tán. Idà ló kù tí bàbá rí fún un. Ìtàn náà tún sọ pé àwọn Ọwá kan jókòó sí Ìbòkun wa yìí kí oyè tó fìdí kalẹ̀ sí Iléṣà.

Wọ́n ń sọ ìtàn yìí ká lè mọ̀ pé akin ni Obòkun. Èmi ń gbọ́ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Bàbá ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n pín ogún yẹn o! Kò sẹ́ni tó pe ara rẹ̀ ní olè. Àwọn tó wà nílé ló pín in, ẹni tí kò sí nílé ni kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bàbá gan-an ló gbé e lọ. Bí ogún ṣe ń rí nìyẹn títí dòní. Ẹni tó wà nítòsí ló ń gbà á, kì í ṣe ẹni tó jìyà jù. Lóde òní, ẹni tó wà nítòsí ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù.

Yorùbá ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń pín ogún. Ti àkọ́kọ́ ni ìdí-igi: wọ́n á ka àwọn ìyàwó tó bímọ, wọ́n á pín in dọ́gba sí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ á wá pín tìdí ìyá wọn. Èkejì ni orí-ò-jorí: wọ́n á ka orí ọmọ, wọ́n á pín in dọ́gba. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kọ́ọ̀tù rí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Suberu Dawodu kú láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ tí ìyàwó mẹ́rin bí fún un. Adájọ́ Jibowu tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìdí-igi ò bá ẹ̀tọ́ àti ayé òde òní mu, kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in. Ilé ẹjọ́ tó ga ju tirẹ̀ lọ da ìdájọ́ yẹn nù ní 1958, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, pé orí-ò-jorí kàn jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè lò tó bá rí i pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú méjèèjì. Ìdí-igi ń sọ pé àdògán kọ̀ọ̀kan nínú ilé jẹ́ ilé kan. Ìyá tó bí ẹyọ ọmọ kan kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn kéré sí ìyá tó bí mẹ́fà. Orí-ò-jorí ń sọ pé ọmọ lọmọ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí kò sí nínú ìṣirò kankan. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ni. Ní 1957, kọ́ọ̀tù sọ ọ́ gbangba nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba ní ìpín tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé níyàwó nílànà ìbílẹ̀ nìkan, ọmọ rẹ̀ ló ń jogún, òun kọ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè bá àwọn tó ń bú fọ́ọ̀mù lọ tààrà. Mo mọ obìnrin kan. Mi ò ní sọ àdúgbò rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹbí gba oko kòkó, wọ́n ní ti ìdílé ni. Wọ́n gba mọ́tò, wọ́n ní àbúrò òkú á máa wà á. Owó kan ṣoṣo tí wọn ò rí gbà ni èyí tí ọkọ rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí. Wọ́n pè é lólè. Wọ́n ní ó jókòó lé owó ọmọ àwọn. Obìnrin náà dáhùn lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀yin lẹ sin òkú, èmi ni mò ń sin ààyè." Owó yẹn ló fi dá ọjà sílẹ̀, òun ló fi rán àwọn ọmọ yẹn nílé ìwé. Tí kì í bá ṣe orúkọ tó wà lórí ìwé, kí ni ìbá ṣẹ́kù fún un? Orúkọ kan lórí ìwé dáàbò bo ẹni tí àṣà gbàgbé.

Àwọn kan á ní kí owó tó bá ti wọlé di owó ẹbí, kí àwọn àgbà jókòó pín in. Ó dùn gbọ́ létí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló, tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gba owó aṣọ rẹ̀, kì í fowó ṣeré. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ òkú, a ó gbàgbé ìṣirò. Màlúù, aṣọ ẹbí, kánópì, olórin. Láyé àtijọ́, àwọn kan fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà nítorí owó ìsìnkú. Lónìí a kì í fọmọ ṣe ìwọ̀fà mọ́, owó ilé ìwé rẹ̀ la máa ń fi se jọ̀lọ́ọ̀fù. Òkú ò mọ iye a ra agọ̀, ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì ló mọ̀ ọ́n. Owó tó bá gba ọwọ́ ìpàdé ẹbí kọjá ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, ẹ má retí kó dé ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ nípa owó náà rárá. Wọ́n ní owó ẹ̀jẹ̀ ni, pé tẹ́tẹ́ ni kí ènìyàn máa sanwó lórí ikú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, àwọn ènìyàn máa ń ra inṣọ́ránsì lé ẹ̀mí àwọn tí wọn ò bá tan, wọ́n á wá jókòó máa wò bóyá á kú. Tẹ́tẹ́ ni ìyẹn lóòótọ́, òun ló sì mú kí ìjọba wọn ṣòfin ní 1774 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra inṣọ́ránsì lé ẹ̀mí ẹni tí ikú rẹ̀ kì í ṣe àdánù fún un. Àwọn Mùsùlùmí náà ní ìbéèrè tiwọn nípa èlé àti ohun tí kò dájú, nítorí náà ni irú èyí tí wọ́n ń pè ní tàkáfúlù ṣe wà, níbi tí àwọn olùdáwó ti jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́. Àjọ NAICOM tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà gbé ìlànà jáde fún un ní 2013. Ní ti àwọn tó ń sọ pé àwọn ilé iṣẹ́ yìí kì í sanwó, wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 rọ́pò ti 2003, ó sì ní ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ máa ta ti ẹ̀mí gbọ́dọ̀ ní ₦10 bílíọ̀nù lọ́wọ́, ó kéré tán. Ká máa wò ó.

Ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló là mí lójú sí ìdáhùn tí mò ń wá. Kí ló mú kí owó yìí yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́? Òfò ni. Ẹni tó bá pàdánù nìkan ló yẹ kó gbà. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a fi ń pè é: adójútòfò. Ẹni tó ń dójú ti òfò. A ò pè é ní adójútogún. Ogún ni ohun tí òkú ní tẹ́lẹ̀ tó wá fi sílẹ̀. Bàbá mi kò ní ₦3,600,000 yìí rí, kò fọwọ́ kàn án rí, kò sì lè ná an láé. Ikú rẹ̀ nìkan ló lè mú un wá. Nítorí náà, bí mo bá fi ìdí-igi pín in, mo ti sọ ọ́ di ilé. Bí mo bá fi orí-ò-jorí pín in, mo ti sọ ọ́ di oko. Bí mo bá sì ní orúkọ mi ló wà níbẹ̀, tèmi ni, mo ti sọ ọ́ di tẹ́tẹ́ tí mo jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi iye yẹn ṣe àpẹẹrẹ, torí Bàbá ò sọ iye owó oṣù rẹ̀ fún mi. Tó bá jẹ́ ìdí-igi, ₦1,800,000 ni ìdí kọ̀ọ̀kan. Èmi àti àbúrò mi á gba ₦900,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tìdí Ìyá Kékeré á gba ₦600,000. Tó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ₦720,000 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ìṣirò méjèèjì, èmi tí mo fẹ́ parí yunifásítì kò gba ohun tó kéré sí ti ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà ní pírámárì. Ṣé òfò wa dọ́gba? Bí Bàbá bá kú lónìí, èmi pàdánù owó ilé ìwé ọdún kan. Ọmọ yẹn pàdánù ti ọdún méjìlá kó tó parí sẹ́kọ́ńdírì, ká má tíì sọ ti yunifásítì. Èmi ti ní bàbá fún ọdún mọ́kànlélógún. Òun ò lè rántí ohùn rẹ̀ dáadáa tó bá dàgbà. Àwọn ìyá wa ńkọ́? Àwọn méjèèjì ló ń se oúnjẹ tó ń jẹ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Òfò tiwọn kò sí nínú ìṣirò ìdí-igi, kò sí nínú orí-ò-jorí, kò sì sí nínú fọ́ọ̀mù.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí owó òfò tẹ̀lé òfò. Kí wọ́n bi í pé ta ló ń jẹ lábẹ́ ọwọ́ olóògbé, títí di ìgbà wo ni ì bá fi máa jẹ, kí wọ́n sì pín in bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó dàgbà jù, kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, kì í ṣe ìyàwó àgbà tàbí kékeré.

Ẹnì kan á sọ pé, "Ṣebí bàbá rẹ ló yàn ọ́? Ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ nìyẹn, o fẹ́ bá òkú jiyàn ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti fi ohun tirẹ̀ fún ẹni tó wù ú. Ká ní Bàbá jókòó, ó wo gbogbo wa, ó wá ní èmi nìkan ni, mi ò ní lè jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ orúkọ yẹn, àwọn mẹ́rin yòókù kò tíì wáyé. Kì í ṣe pé ó yàn mí láàárín wọn. Èmi nìkan ló rí. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi lọ́dún tó kọjá ló sún mọ́ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ju ti 2006 lọ: "O mọ ohun tí wàá ṣe." Ẹni tó bá ní kí o gba nǹkan kí o jẹ ẹ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ sí ọ lọ́wọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, ohun tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ àkọ́bí nìyẹn: ó ń di ilé mú fún àwọn tó kù, kì í ṣe pé ó ni ilé. Obìnrin sì lè dì í mú. Kọ́ọ̀tù gbà bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó láti 1908.

Nítorí náà, ṣé ọ̀rọ̀ ti parí? Kí n gbà á, kí n pín in bó ṣe tọ́, kí gbogbo wa máa yọ̀? Rárá o. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn bàbá wa wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú ọkàn ọmọ, òfin kò lè rí i níbẹ̀. Tí n bá gba owó yẹn tí mo ṣe bó ṣe wù mí, àwọn àbúrò mi kékeré ò ní ìwé tí wọ́n á mú dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ká ní èmi gan-an kú ṣáájú ńkọ́? Ká ní mo fẹ́ ọkọ, tí ọkọ mi ní èmi ò lè fi owó mi tọ́ ọmọ orogún ìyá mi? Ká ní ìyá mi, tí mo fẹ́ràn ju ẹnikẹ́ni lọ, sunkún sí mi lẹ́sẹ̀ pé kí n má kó o fún ìdí kejì? Ẹ má bi mí bóyá mo jẹ́ ọmọ dáadáa. Ẹ bi mí bóyá ó yẹ kí oúnjẹ ọmọ ọdún mẹ́fà dúró lórí bóyá mo jẹ́ ọmọ dáadáa lọ́jọ́ náà. "O mọ ohun tí wàá ṣe," ìfẹ́ ni, ìgbẹ́kẹ̀lé ni, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ iṣẹ́ bàbá tí wọ́n gbé lé ọmọ lórí.

Iṣẹ́ náà ò sì ṣòro. Ènìyàn lè kọ orúkọ tó ju ẹyọ kan lọ sínú fọ́ọ̀mù, kó kọ ìdá tó kan kálukú síwájú orúkọ rẹ̀. Tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 18, kó kọ orúkọ àgbàlagbà tó fọkàn tán tí yóò máa bá a ṣe é. Kó tún fọ́ọ̀mù yẹn wò nígbàkigbà tí ọmọ bá dé tàbí tí ìyàwó bá dé. Fún ilé àti ilẹ̀, kó kọ ìwé ìhágún, kó fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọn ò sí lára àwọn tó fẹ́ há nǹkan fún. Kó má rò pé nítorí pé ó ti kọ orúkọ ìbátan síbì kan ní báńkì, ẹni yẹn ti jogún owó báńkì náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójú òfin.

Bàbá mi ní ìdáhùn sí èyí, kò sì yẹ kí n fi í pamọ́. Ó ní tí òun bá kọ ìdá yìí fún lágbájá, ìdá yìí fún tẹ̀mẹ̀dù, tí wọ́n bá gbọ́ ọ nínú ilé, ìjà á bẹ̀rẹ̀ lójú òun. Ó ní òun fẹ́ sùn ní àlàáfíà nínú ilé òun. Mo gbọ́ ọ. Ilé olórogún kì í ṣe ilé tí ènìyàn ń fi ìṣirò ṣeré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàáfíà yẹn, àwọn àbúrò mi ló máa san owó rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó yí fọ́ọ̀mù náà padà, kódà kó má fi han ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n jẹ́ kóun rò ó. Ibi tó dé dúró nìyẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀pọ̀ nínú yín ni orúkọ yín wà lórí ìwé kan tí ẹ ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ni orúkọ wọn kò sí níbẹ̀, tí wọn ò sì mọ̀. Ẹ fọgbọ́n béèrè. Tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ fọ ẹnu, ẹ lọ fọ̀ ọ́, kí ẹ padà wá béèrè. Ẹni tó bá sì rí i pé orúkọ òun nìkan ló wà níbẹ̀, kó má yọ̀ jù, kó bi ara rẹ̀ pé òfò ta ni wọ́n kọ orúkọ òun sí.

Èmi ti ṣírò tèmi. Owó ilé ìwé ọdún kan ni. Ìyókù, òfò àwọn ẹlòmíì ni, àní bí ìwé tilẹ̀ ní tèmi ni.